Iṣu Funfun Kò Bá Ọkọ̀ Òkun Dé

Ní Adja-Ouèrè, bíi ní ibi púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, kò ṣòro láti rí ẹni tí yóò sọ pé àwọn Potogí ló kó oúnjẹ wa dé. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà: Amẹ́ríkà ni àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ti wá, ewùrà sì wá láti Éṣíà. Ibi tí wọ́n ti ka iṣu funfun mọ́ wọn ni mo ti yapa.

Ẹni tó bá ń wá orísun ohun ọ̀gbìn, kó lọ wo ibi tí ìbátan rẹ̀ ti ń lalẹ̀ hù. Ti àgbàdo wà ní Mexico. Kò sí nílẹ̀ wa. Àwọn méjì tó sún mọ́ iṣu funfun jù, Áfíríkà ni ilé wọn. Dioscorea praehensilis jẹ́ ọmọ igbó: a máa gun igi, gbòǹgbò ẹlẹ́gùn-ún sì ń ṣọ́ iṣu rẹ̀. Dioscorea abyssinica jẹ́ ọmọ ọ̀dàn: bí iná ẹ̀ẹ̀rùn bá jó ìtàkùn rẹ̀, iṣu abẹ́ ilẹ̀ yóò tún rú bí òjò bá dé.

Èwo ni òbí? Ní 2019, àwọn onímọ̀ tó yẹ àbùdá iṣu igbó àti iṣu oko 167 wò ní ti inú igbó ni, àti pé agbègbè Odò Ọya ni wọ́n ti sọ ọ́ di ti oko, láàárín ìlà-oòrùn Ghana àti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ní 2020, àwọn mìíràn yẹ iṣu funfun 336 wò, wọ́n ní àwọn méjèèjì ló jọ bí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jiyàn. Kò sí ọkọ̀ òkun nínú ẹjọ́ ẹnìkankan wọn.

Ẹlòmíràn lè ní iṣu oko tó sá lọ ni iṣu igbó. Àwọn àgbẹ̀ Ìbàrìbá ní àríwá Benin ti dá a lóhùn. Roland Dumont àti Philippe Vernier kọ iṣẹ́ àwọn àgbẹ̀ náà sílẹ̀ ní 2000: àwọn àgbẹ̀ a wú iṣu inú igbẹ́, wọ́n a gbìn ín sóko, wọ́n a fi ohun líle sábẹ́ rẹ̀ kó má baà wọlẹ̀ jù. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó di iṣu gidi.

Àgbẹ̀ ló sọ ọ́ di oúnjẹ. Bí a bá wá ro gbogbo igbó àti ọ̀dàn tó kù di oko, ibi tí irúgbìn tuntun ti lè wá là ń pa run.