Aró, Adìrẹ àti Owó Ọwọ́ Obìnrin ní Ẹkùn Èjìgbò

Nínú ètò iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, tí Èjìgbò àti ẹkùn rẹ̀ jẹ́ apá kan nínú rẹ̀, obìnrin ni ó ń ran òwú, òun ni ó ń mọ ìkòkò, òun náà ni ó ń rẹ aṣọ sínú aró, ó sì ń hun kíjìpá, aṣọ tó nípọn tí a ń hun lórí òfì ìdúró. Ìyá Mápó ni òrìṣà tí àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí ń bọ. Owó tí obìnrin bá rí nídìí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ọkọ rẹ̀. Tirẹ̀ ni, òun ni ó fi ń dá èésú, tí ó fi ń gbọ́ bùkátà ọmọ, tí ó sì fi ń ra èlò tuntun.

Nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, aró ni ó gba sùúrù jù. Aláró, ìyẹn obìnrin tó ni ìkòkò aró, á gún ewé èlú, á ṣù ú, á sì sá a sí oòrùn. Lẹ́yìn èyí ni yóò sẹ́ omi eérú láti inú ìkòkò tí a dá ihò sí nídìí, tí yóò sì rẹ èlú náà sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí tí yóò fi kan. Aṣọ tí a bá ti inú ìkòkò náà fà yọ á kọ́kọ́ dà bí ewé tútù, afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di aró, nítorí náà ni a ṣe ń rì í lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i. Aládìrẹ tó ń di aṣọ, tó ń fi abẹ́rẹ́ rán an tàbí tó ń ya ọnà sí i lè máà ní ìkòkò rárá. Nígbà náà, ó ní láti sanwó fún aláró, kí ó tó ta aṣọ rẹ̀ fún àwọn oníbàárà. Òṣogbo, tí kò jìnnà sí Èjìgbò, ni ìlú tí aró sọ di olókìkí ní agbègbè yìí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, aṣọ funfun tí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ń kó wọlé sọ iṣẹ́ yìí di òwò ńlá, pàápàá ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn obìnrin ti ń gba aṣọ náà láwìn, tí adìrẹ wọn sì ń dé Gold Coast àti Senegal. Ìgbà yìí ni adìrẹ ẹlẹ́kọ gbilẹ̀, èyí tí a fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí kí aró má lè wọ ibẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, òwò náà wó lulẹ̀, ìjà sì dé lórí sódà àti aró òyìnbó tí àwọn aláró fi rọ́pò eérú àti èlú, débi pé a gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936. Ó dunni pé ọ̀pọ̀ ẹlẹ́kọ tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lónìí kò ní orúkọ obìnrin tó ya á lára.

Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í di owó ní Òṣogbo lẹ́yìn tí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Austria tó kọ́kọ́ gbé ní Ẹdẹ àti Ìlobùú, fi ibẹ̀ ṣe ilé. Nike Davies-Okundaye, tí a bí ní Ògìdì ní 1951, tí ó sì kọ́ adìrẹ nínú ẹbí rẹ̀, dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983. Àwọn tí ń ra aṣọ rẹ̀ mọ ẹni tó ṣe é, wọ́n sì ń san owó orúkọ náà. Ipò àwọn aláró kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé kàǹpálà, ìyẹn adìrẹ tí a fi aró òyìnbó ṣe, ti gba ọjà láti nǹkan bí àwọn ọdún 1970, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe é sì ń parí láàárín wákàtí díẹ̀ iṣẹ́ tí èlú ń gba ọjọ́ púpọ̀ láti ṣe.