Gáàsì Kì Í Tán: Lórí Orúkọ Àléébù Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́

Bí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń fẹ́ tí yàrá kò sì tutù mọ́, gbólóhùn tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé gáàsì ti tán. Oníṣẹ́ á rọ gáàsì mìíràn sí i, onílé á sanwó, yàrá á tutù. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, ooru á tún dé. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn, ọ̀rọ̀ náà ló ṣì wọ́n lọ́nà. Epo jẹnẹrétọ̀ ló ń tán, torí pé jíjó ló ń jó. Nínú iṣẹ́ rẹ̀, gáàsì amúlétutù kì í jó. Inú páìpù tí a dì pa ló ti ń yí po, tó ń gba ooru nínú yàrá lọ síta. Bó bá dín, ihò wà níbì kan. “Gáàsì ti jò” ló yẹ ká máa wí, torí ẹni tó gbọ́ “jò” yóò wá ojú ibi tó ti ń jò kó tó rọ òmíràn. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé bí a bá ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ yìí, orúkọ àléébù ni ká kọ́kọ́ mú, kí orúkọ ẹ̀yà ẹ̀rọ tẹ̀ lé e. Orúkọ àléébù náà sì gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ohun tó fà á.

Ẹ wo omi tó ń kán sílẹ̀ lára ògiri lábẹ́ amúlétutù. “Ó ń jò” ni a tún máa ń pè é, a ó sì máa wá páìpù tó bẹ́ tàbí òrùlé tó lu. Bẹ́ẹ̀, inú afẹ́fẹ́ ni omi náà ti wá: ọ̀rinrin kan irin tútù inú ẹ̀rọ, ó sì di omi, bí ìrì ṣe ń sẹ̀ sára ewé lóru. Ọ̀rinrin yìí gan-an ni Willis Carrier ń bá jà ní 1902 nígbà tó ṣètò ẹ̀rọ rẹ̀ fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, níbi tí bébà ti ń fẹ̀ tó sì ń súnkì. Nítorí náà, ìdajì iṣẹ́ ni “amúlétutù” sọ. “Omi ìrì” ni mo dábàá fún omi yẹn. Bí a bá ní omi ìrì kún àkúnwọ́sílẹ̀, a mọ̀ pé ojú ọ̀nà tó ń gbà jáde ló dí, ẹnikẹ́ni kò sì ní gun òrùlé lásán.

Ilé ńlá ní ìṣòro tirẹ̀. Amúlétutù orí ògiri kì í mú afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Èyí tó wà nínú yàrá ló ń yí po. Ẹ̀rọ tó ń lé afẹ́fẹ́ inú jáde tó sì ń fa ti ìta wọlé yẹ kó ní orúkọ tirẹ̀, ká má baà máa fi tútù díwọ̀n rẹ̀: mo pè é ní ẹ̀rọ apààrọ̀-afẹ́fẹ́. Níbi ìró àléébù ẹ̀rọ yìí ni ọ̀rọ̀-ìṣe wa ti lówó lọ́wọ́. Bẹ́líìtì tó dẹ̀ ń han, béárìn tó ti jẹ ń ha, fáànù tí eruku lẹ̀ mọ́ ní apá kan ń gbọ̀n rìrì. “Ariwo” nìkan kò lè sọ èyíkéyìí nínú wọn. Bí a bá sì ṣi wáyà méjì fi síra wọn lára iná onífésì mẹ́ta, fáànù á máa yí sódì. Irú fáànù tó wọ́pọ̀ nínú ẹ̀rọ ńlá ṣì máa ń fẹ́ síbi tó yẹ, ṣùgbọ́n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni. Ẹni tó bá ní “kò fẹ́ dáadáa” yóò pààrọ̀ asẹ́, yóò fa bẹ́líìtì le, pàbó. Ẹni tó bá wí pé “ó ń yí sódì” ti dé ìdí rẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé “jò” àti “sódì” kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, pé kí ni mo wá ṣẹ̀dá. Ṣùgbọ́n fífi iṣẹ́ pàtó fún ọ̀rọ̀ àtijọ́ jẹ́ ìṣẹ̀dá. Nínú èdè-ìperí gírámà tí àwọn bíi Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ṣiṣẹ́ lé lórí, a fún “ohùn” níṣẹ́ tuntun, a so “ọ̀rọ̀-orúkọ” pọ̀, a sì yá “fáwẹ̀lì”. Àtakò kejì lágbára jù: èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sára páálí gbogbo ohun tí oníṣẹ́ ń rà ní ọjà Àlàbá ní Èkó. Mo gbà, nítorí náà kí kápásítọ̀, bẹ́líìtì àti béárìn dúró bẹ́ẹ̀. “Mọ́tò” nìkan ni mo kọ̀, torí pé ọkọ̀ ti gbà á. “Ayífáànù” tí mo fi rọ́pò rẹ̀ kò le lẹ́nu. Àmọ́ ẹnìkan kì í lọ sọ́jà lọ ra àléébù, ẹnu oníbàárà ló ti ń jáde, ní Yorùbá, kí oníṣẹ́ tó ṣí àpò irinṣẹ́.

Ibi tó ṣì ní awuyewuye ni agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti nǹkan. Nínú ẹ̀rọ ńlá, wọ́n ń wọ̀n ọ́n níwájú asẹ́ àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí eruku bá ṣe ń pọ̀ ni ìyàtọ̀ náà ń ga. “Ìfúnpá” ni mo fara mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ló kọ́kọ́ ń mú wá sọ́kàn. Ohun tó ń ti ara páìpù láti inú náà ni wọ́n ń wọ̀n ní ilé ìwòsàn. Kí a kọ ọ́ sára ẹ̀rọ báyìí: “Ìyàtọ̀ ìfúnpá ti ga: asẹ́ ti dí.”