Dermatomyositis: Àìsàn awọ àti iṣan tó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró

Mo mọ àṣà wa. Tí ikọ́ bá ń yọ èèyàn lẹ́nu, kẹ́míìsì ló ń lọ. Tí nǹkan bá yọ sí i lójú, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ń po ìpara. Nínú àìsàn yìí, méjèèjì lè jẹ́ nǹkan kan náà.

Kí ni dermatomyositis?

Àwọn ọmọ ogun inú ara tó yẹ kó máa bá kòkòrò àrùn jà ló kọjú ìjà sí ara fúnra rẹ̀. Kì í ràn, kì í sì í ṣe àfiṣe. Ìpéǹpéjú á wú, á ní àwọ̀ elésè àlùkò. Kókó á yọ lórí oríkèé ìka ọwọ́. Àtigbé ọwọ́ sókè láti ya irun á di wàhálà. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, àwọ̀ yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ó lè dà bíi pé ojú kàn ṣú ni.

Báwo ló ṣe ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́?

• Ẹ̀dọ̀fóró lè wú, kó sì le bí ojú àpá. Ikọ́ gbígbẹ àti èémí tó ń já téèyàn bá gun àtẹ̀gùn ni àmì rẹ̀. Èyí ló wọ́pọ̀ jù.

• Oríṣi kan wà tó ń jẹ́ anti-MDA5, tí àwọn onímọ̀ ní Japan kọ́kọ́ ròyìn ní 2005. Iṣan lè lágbára dáadáa, síbẹ̀ kí ẹ̀dọ̀fóró dẹnu kọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Egbò lórí ìka tàbí àtẹ́lẹwọ́ lè jẹ́ àmì rẹ̀.

• Afẹ́fẹ́ lè jò kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí àyíká ọkàn. Èyí ṣọ̀wọ́n. Àyà á ṣàdédé máa dunni, ọrùn lè wú, kó máa dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

• Tí iṣan ọ̀fun ò bá lágbára, oúnjẹ lè gba ọ̀nà òdì, kó fa òtútù àyà.

Àyẹ̀wò àti ìtọ́jú

X-ray lè má rí nǹkan kan níbẹ̀rẹ̀. CT scan ló ń fi í hàn dáadáa. Wọ́n á tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Steroid àti àwọn oògùn míì tó ń dẹwọ́ ìjà ara, bíi tacrolimus, ni wọ́n máa ń lò. Ẹ má ṣe dá steroid dúró lójijì fúnra yín.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú

Ẹ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó dáa. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí níbẹ̀, tí ikọ́ ò sì lọ, ẹ fi ọwọ́ àti ojú yín han dókítà. Ẹ sọ méjèèjì pa pọ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè fún rheumatologist.