Alárinà Láàárín Windows àti Linux

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ máa ń bi mí pé kí ló kan onítàn kan géèmù. Ó kàn án gan-an. Géèmù tí wọ́n ṣe ní 1995 jẹ́ àkọsílẹ̀ ìgbà tirẹ̀, bí ìwé àdéhùn 1886 tó parí ogun Kírìjì ṣe jẹ́ ti ìgbà tirẹ̀. Ìwé, ojú la fi ń kà á. Ti géèmù, bí kò bá sí ẹ̀rọ tó gbọ́ èdè rẹ̀ mọ́, ó tán nìyẹn.

Ọdún 1991 ni Linus Torvalds gbé Linux jáde. Ní 1993, Bob Amstadt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Wine, kí ohun tí wọ́n kọ fún Windows 3.1 lè ṣiṣẹ́ lórí Linux. Alexandre Julliard gba iṣẹ́ náà ní 1994, òun ló sì ń darí rẹ̀ di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. 2008 ni ẹ̀dà 1.0 tó jáde. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Microsoft kò kúkú fi inú Windows han ẹnikẹ́ni. Ńṣe ni wọ́n ń wò láti ìta bó ṣe ń dáhùn, tí wọ́n wá ń kọ tiwọn kó lè dáhùn bákan náà.

Àwọn kan máa ń pe Wine ní emulator. Mi ò gbà, orúkọ rẹ̀ gan-an ò sì gbà. Emulator a máa kọ́ ayédèrú ẹ̀rọ sínú ẹ̀rọ. Wine kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Géèmù fúnra rẹ̀ ló ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ tààrà. Ìgbà tó bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ Windows, pé ẹ bá mi ṣí fáìlì, ẹ bá mi ya àwòrán, ni Wine á gba ọ̀rọ̀ náà, á lọ bá Linux sọ ọ́ lédè tirẹ̀, á sì gbé èsì padà.

Ní Òkè-Ìmẹ̀sí níbí, a mọ irú iṣẹ́ yẹn. Lẹ́yìn tí Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní 1878, ogun ò dá títí di 1886, tí Gómìnà Moloney rán Samuel Johnson àti Charles Phillips láti Èkó. Wọn ò sọ Ìbàdàn di Èkìtì. Oníkálukú wà ní bùdó tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀.

Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín nìyí: Windows 64-bit òde òní kò lè ṣí géèmù 16-bit ayé ọjọ́un mọ́, Wine sì ń ṣí ọ̀pọ̀ wọn. Àlejò wá mọ ìtàn ilé ju onílé lọ!

Ní 2018, Valve gbé Proton jáde, tí wọ́n kọ́ lórí Wine. Òun ló ń ṣiṣẹ́ nínú Steam Deck. Àwọn géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣì ń kọ̀ ọ́, torí ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n fi ń mú oníjìbìtì.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé o. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni Windows 11 kì í gbà, Windows 10 sì ti pàdánù ìtọ́jú ọ̀fẹ́ láti October 14, 2025. Linux á wọ inú wọn wẹ́rẹ́. Ẹ tún wo Aurion, tí àwọn Kiro'o Games ní Kamẹrúùn gbé jáde ní 2016 fún Windows: ìtàn ilẹ̀ Áfíríkà láti ọwọ́ ọmọ Áfíríkà. Ta ló máa lè ṣí i ní 2046? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní CD géèmù àtijọ́ nínú àpótí, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Wine ò lè ka CD tó ti họ.