Pátákó Wo Nínú Pátákó Wo?

"Ẹ̀gbọ́n, pátákó wo lẹ ní kí n ki bọ inú pátákó wo?"

Ọmọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló bi mí bẹ́ẹ̀, sukudiráfà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti kọ ìlànà iṣẹ́ wa ní Yorùbá sórí ìwé fún un, ohun tí mo sì kọ ni: "Ki kọ̀ǹpútà onípátákó-kan bọ inú pátákó ìtẹ̀wé." Òótọ́ ló sọ. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ọ̀rọ̀ kan, "board", pe ohun méjì tí kò bára tan, èmi sì ru ẹrù Gẹ̀ẹ́sì wọlé láìtú u wò.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò ṣòro. Kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ kan, èyí tó gùn dáadáa, tí apá nọ́ńbà wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, la fẹ́ sọ di kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń pè ní Raspberry Pi Zero 2 W, tó jáde ní 2021, la rà fún un: mìlímítà 65 ní òró, 30 ní ìbú. Raspberry Pi 4 ì bá lágbára jù ú lọ, àmọ́ àwọn ihò USB rẹ̀ gun ara wọn lé, inú kíbọ́ọ̀dù wa kò sì ga tó o. Èrò náà kì í ṣe tuntun. Ní 1982, abẹ́ bọ́tìnnì ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà Commodore 64 àti ZX Spectrum wà. Ilé-iṣẹ́ Raspberry Pi fúnra wọn, ní Cambridge, ṣe irú rẹ̀ ní 2020, wọ́n pè é ní Raspberry Pi 400, ṣùgbọ́n kò ní apá nọ́ńbà.

Mo padà sórí pátákó. Igi ni pátákó létí Yorùbá. Àwọn tó ń tún rédíò àti fóònù ṣe kì í pe èyí tó wà nínú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é. "Páńẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ti jó," wọ́n á wí, oníbàárà á sì mọ̀ pé owó ńlá ti dé. Ọ̀rọ̀ àyálò ni, ṣùgbọ́n ó ti jẹun lọ́dọ̀ wa, ó ti di ọmọ ilé. Ní ti kíbọ́ọ̀dù, ẹ wo àtẹ ìyá tó ń ta ata: gbogbo ọjà hàn síta, ọwọ́ kàn ń lọ síbi tí ojú bá yàn ni. Bí bọ́tìnnì ṣe rí gan-an nìyẹn. Àtẹ ìtẹ̀wé, mo fara mọ́ ọn. Èyí tí wọn kò gé apá nọ́ńbà kúrò lára rẹ̀, odidi àtẹ ni. Mo kọ́kọ́ rò ó sí "àtẹ kíkún," àmọ́ inú rẹ̀ ṣófo, torí òfìfo yẹn gan-an la sì ṣe rà á.

Bọ́tìnnì ni bọ́tìnnì, ẹni tó bá pè é ní kọ́kọ́rọ́ ń ṣílẹ̀kùn tí kò sí níbẹ̀. Ihò ni ihò, kì í ṣe èbúté.

Ibi tó dá mi dúró jù ni mẹ́mọ́rì. Mo ní Zero 2 W ní mẹ́mọ́rì mẹ́gábáìtì 512. Ọmọ náà mú káàdì pẹlẹbẹ tí a fẹ́ fi sí i: "Ẹ̀gbọ́n, gígábáìtì 32 ni wọ́n kọ sára èyí." Kò jẹ̀bi. Látìgbà tí fóònù ti gbòde, káàdì tó ń gba orin àti fọ́tò ni gbogbo ayé ń pè ní mẹ́mọ́rì. Bí a bá sì pe méjèèjì ní ìrántí, ìdàrúdàpọ̀ náà ló pààrọ̀ aṣọ. Ohun tó wà nínú káàdì, iná ì báà lọ, á wà níbẹ̀. Àká àgbẹ̀ ni: àká ni kí ó máa jẹ́. Èkejì ńkọ́, tí iná bá lọ tí gbogbo rẹ̀ á pa rẹ́? Mo ronú kan babaláwo tó tẹ odù sórí ìyẹ̀rosùn lójú ọpọ́n, tó kà á tán, tó fọwọ́ pa á rẹ́ kó lè tẹ òmíràn. Ọpọ́n ni. Ọpọ́n mẹ́gábáìtì 512, àká gígábáìtì 32. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ọpọ́n lè wí pé ìrántí ojú-ẹsẹ̀. Ó gùn, àmọ́ kò ṣini lọ́nà.

Ooru ló kù. Inú àtẹ tí a dé pa, ooru kò rọ́nà gbà, la bá lẹ irin álúmíníọ́mù kékeré mọ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà, kó máa fa ooru rẹ̀ kúrò. Agbòòrùn ń gba oòrùn lórí wa. Èyí ń gba ooru lórí ọpọlọ. Agbooru ni mo pè é.

Mo tún ìlànà náà kọ: "Ki kọ̀ǹpútà onípáńẹ́ẹ̀lì-kan bọ inú odidi àtẹ ìtẹ̀wé." Kò bi mí ní ìbéèrè mọ́. Ó gé ike tó dí wa lọ́nà, ó jó wáyà àtẹ mọ́ páńẹ́ẹ̀lì, ó dì í.

Orí Debian ni wọ́n kọ́ Raspberry Pi OS lé, ìlànà títẹ Yorùbá sì wà lára èyí tí èèyàn lè yàn lábẹ́ Nàìjíríà. A yàn án. Ọmọ náà tẹ agbooru. Ó tẹ agbòòrùn sábẹ́ rẹ̀, ó rọra ń wá àmì ohùn kọ̀ọ̀kan, ó wá ka méjèèjì sókè fún mi.