Gollmer, Ìdílé
Ìdílé ará Jámánì tí orírun rẹ̀ jẹ́ Kirchheim ní Württemberg, níbi tí a ti bí Charles Andrew Gollmer ní 1812, òjíṣẹ́ ẹgbẹ́ ajíhìnrere Church Missionary Society (CMS) tí ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kìíní 1845 pẹ̀lú aya rẹ̀, ẹni tí ó papòdà lọ́dún náà. Ní Èkó, nítorí ilé pákó tí ó kọ́, ìnagijẹ rẹ̀ di Alápákó. Ó kú ní 1886. Ọmọ rẹ̀ tẹ ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní 1889. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ: bí àgbà Aràmọkọ-Èkìtì ti ń fi oríkì tọ ẹsẹ̀ àwọn Alára, ọba ìlú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìtàn ayé náà ń tọ́ni dé orírun Gollmer.