Àwo Tó Ń Dá Ara Rẹ̀ Bẹ̀rẹ̀: Ìtàn Síídì Dé Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Tí àwa ọmọ ẹ̀ka Yorùbá bá ń sọ ìtàn, ọba, ogun àti ìtẹ̀dó ìlú la sábà máa ń dá lé. Lónìí, ohun tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ọ̀wọ̀, Ìfọ́n àti Ìdóàní la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé: àwo síídì. Fídíò ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ìwúyè àti ọdún ìbílẹ̀ wà lórí wọn. Báwo ni àwo ṣe kọ́ láti máa dá ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀rọ yòówù tí a bá fi í sí? Kí ló sì dé tí kò fi rí bẹ́ẹ̀ mọ́?

Ìpàdé High Sierra

Ní 1982 ni Philips àti Sony gbé síídì orin jáde. Ìyẹn kò ní wàhálà, torí ìlànà kan náà ni gbogbo ẹ̀rọ orin ń tẹ̀ lé. Wàhálà dé nígbà tí wọ́n fẹ́ máa kó ìwé, àwòrán àti ohùn sórí rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tó ń gbà to fáìlì tirẹ̀. Àwo tí ọ̀kan bá ṣe, ẹ̀rọ òmíràn kò ní lè kà á.

Ní oṣù Kọkànlá 1985, àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí pàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì High Sierra ní ìpínlẹ̀ Nevada, ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè fẹnu kò sórí ìlànà kan. Ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ló di ISO 9660 ní 1988.

Kí gbogbo ẹ̀rọ tó lè ka àwo kan náà, wọ́n ní láti fi ti ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kéré jù ṣe òṣùwọ̀n. Ní ìpele àkọ́kọ́ ìlànà náà, orúkọ fáìlì kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ, pẹ̀lú mẹ́ta mìíràn lẹ́yìn àmì tóótó. Lẹ́tà A dé Z, nọ́ńbà 0 dé 9 àti ìlà ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n fàyè gbà. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ, ká má tilẹ̀ sọ àmì ohùn. Ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ ìlú Ọ̀wọ̀ pe fáìlì rẹ̀, OWO ló máa kọ. OWO yìí lè jẹ́ owó, òwò, ọwọ́, tàbí ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú náà gan-an a sì máa pe ìlú wọn ní Ọ̀ghọ̀. Kí àwo lè wọ ilé gbogbo ènìyàn, àwa ní láti bọ́ fìlà àti bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà tí Microsoft mú àfikún Joliet wá ní 1995 ni àyè tó wà fún irú lẹ́tà wa nínú orúkọ fáìlì.

Àwo bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Ọdún 1995 yẹn náà ni Windows 95 dé. Bí ènìyàn bá fi fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ autorun.inf sórí àwo, Windows á kà á, á sì ṣí ètò tí wọ́n dárúkọ sínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Macintosh ní ọ̀nà tirẹ̀, èyí tó gba inú QuickTime kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwo rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì á to fáìlì sórí rẹ̀ lọ́nà méjì, ọ̀kan fún Windows, ọ̀kan fún Macintosh, á sì kọ ètò ìbẹ̀rẹ̀ méjì. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ la gbogbo ọ̀nà á làágùn.

Àwa aláwọ̀ dúdú náà wà níbẹ̀. Ní 1999, Microsoft gbé Encarta Africana jáde, ìwé ìmọ̀ nípa ilẹ̀ Áfíríkà àti àwọn ọmọ rẹ̀ káàkiri ayé, tí Henry Louis Gates àti Kwame Anthony Appiah ṣe olóòtú rẹ̀.

Èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa

Ṣùgbọ́n èyí tó kárí ilé ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, VCD ni. Ìlànà rẹ̀ jáde ní 1993. Ètò kọ̀ǹpútà kankan kò sí nínú rẹ̀ tó ń fẹ́ Windows tàbí Macintosh. Fídíò lásán ni, ní ìwọ̀n bí ìṣẹ́jú 74 lórí àwo kan. Ìdí nìyí tí fíìmù Yorùbá fi sábà máa ń gba àwo méjì. Ẹ̀rọ VCD olówó pọ́ọ́kú á gbé e, á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá fi í sínú kọ̀ǹpútà, ẹ ó bá fódà MPEGAV, AVSEQ01.DAT á sì wà nínú rẹ̀. Orúkọ yẹn kò ju lẹ́tà mẹ́jọ àti mẹ́ta lọ: òfin 1988 ló ṣì ń ṣiṣẹ́.

Bí ilẹ̀kùn ṣe tì

Ilẹ̀kùn tó ń dá ara rẹ̀ ṣí kò mọ àlejò yàtọ̀ sí olè. Ní 1998, kòkòrò kan tó ń jẹ́ AutoStart gba ojú ọ̀nà QuickTime wọ Macintosh. Ní 2008, Conficker bẹ̀rẹ̀ sí í jà, ó sì ń ti ara fláàṣì wọ kọ̀ǹpútà Windows nípasẹ̀ autorun. Windows 7 ti ọ̀nà náà pa fún fláàṣì ní 2009. Ní 2011, Microsoft tì í fún Windows àtijọ́ náà. Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láìní ojú àwo rárá. Microsoft dáwọ́ Encarta dúró ní 2009, Flash tí ọ̀pọ̀ àwo gbára lé sì parí ní òpin 2020.

Ohun tó kù fún wa

Ẹ kíyè sí i: àwọn àwo tó gbọ́n jù ló kọ́kọ́ kú, torí ètò inú wọn ń fẹ́ ẹ̀rọ kan pàtó. AVSEQ01.DAT tí kò gbọ́n rárá ṣì ń ṣí lónìí. VLC á gbé e, ì báà jẹ́ lórí Windows, Macintosh tàbí Linux.

Ní 1971, Ekpo Eyo wú àwọn ère amọ̀ jáde ní Igbó'Lájà ní Ọ̀wọ̀, èyí tí wọ́n fojú bù sí bí ọ̀rúndún 15. Ojú lásán la fi ń wò wọ́n. Àwo tí wọ́n dà nǹkan sí ní ṣọ́ọ̀bù kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀: aró ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, oòrùn àti ooru sì ń ba aró náà jẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohùn agogo ọdún Igogo, tí wọ́n ń lù dípò ìlù, àti ẹ̀ka-èdè àwọn àgbà Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ tó ti lọ, lè má sí níbòmíràn ju orí irú àwo bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tó ń wá kókó fún iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ wá ẹni tó ṣì ní ẹ̀rọ tó ń ka àwo. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ onílé, ẹ da fáìlì náà kọ ní ẹ̀dà méjì, kí ẹ sì kó wọn sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fi ọdún, ìlú àti orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pè é. Kò sí òfin lẹ́tà mẹ́jọ mọ́: ẹ kọ Ọ̀wọ̀ bó ṣe yẹ ká kọ ọ́.